Ọ̀rọ̀ Ikùn Rẹ àti Àwọn Ìgò Inú Báàgì Rẹ

Mùínátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú, fún ìyá rẹ ní omi tútù mu. Ìrìn àjò láti Ìbà l'Ékòó dé Ìbàdàn kì í ṣe eré. Fún un ní àga tó ní ẹ̀yìn. Bí o bá ní kó bọ́ bàtà rẹ̀, kò ní bọ́ ọ. Má bá a jà, mo máa sọ ìdí rẹ̀ fún ọ níwájú. Bó bá béèrè ohun tí mo kọ, sọ fún un pé mo ní kí o kí i ni. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o jókòó, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo ti mọ̀ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó tẹ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí ọ, àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo lo fi ń dá mi lóhùn. Màá tẹ ọ̀rọ̀ títí ojú á máa ro mí, ìwọ á wá na àtàǹpàkò sí mi bí ẹni ń dá mọ́tò dúró. Ṣùgbọ́n bébà kò ní àtàǹpàkò. Ìyá rẹ sì wà níwájú rẹ, ó ń wò ọ́ bóyá ò ń kà á lóòótọ́.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ, kí n má purọ́. Gbogbo Àlàbá ló ti gbọ́. Ẹni tó bá gbé fìríìjì wá fún mi láti tún ṣe, kí n tó béèrè ohun tó ṣe fìríìjì, mo ti sọ fún un pé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ní ẹ́síì ní Ìbàdàn. Oníbàárà kan bi mí pé irú ẹ́síì wo ni. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní èyí tó máa ń tutù ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ikùn rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ọjọ́ tí o wálé fún Iléyá tó kọjá yìí, èmi ni mo wá pàdé rẹ ní Okokomáíkò. O rántí bí zíìpù báàgì rẹ ṣe já bí o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í yí káàkiri ojú títì: ìgò funfun, ìgò aláwọ̀ ewé, títí kan èyí tí wọ́n ya àwòrán ikùn sí lára, tí ikùn ọ̀hún ń rẹ́rìn-ín. Àwọn agbèrò pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń bá wa ṣa ìgò. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀kan sókè, ó ní, "Aunty, kí ni èyí ń wò?"

O ní, "Ikùn ni."

Ó ní, "Ikùn tèmi náà ń dà mí láàmú o, àmọ́ oúnjẹ ló ń béèrè ní tiẹ̀."

Bí a ṣe ń lọ sílé, o ṣàlàyé fún mi. O ní àwọn kan jẹ́ sọ́pílímẹ́ńtì, wọ́n ń ran oúnjẹ lọ́wọ́. O ní àwọn yòókù ni wọ́n ń pè ní pròbáyótíìkì, pé kòkòrò alààyè ló wà nínú wọn, tí wọ́n máa ń bá ìfun ṣiṣẹ́. Mo dúró lójú ọ̀nà. Mo ní, "Mùínà, o fowó rẹ ra kòkòrò?" O ní, "Daddy, kòkòrò rere ni." O wí i bí ẹni pé kòkòrò ọ̀hún ń gbọ́, tí mo ti bú u.

A délé. Ẹran Iléyá wà lórí tábìlì. Ìwọ tó jẹ́ pé láti kékeré lo ti ń bá mi du egungun ìbàdí àgbò, o mú ẹran tí kò ju èékánná lọ, o ní o ti yó. Aago ọwọ́ rẹ ń yọ̀ lọ sí ìgúnpá. Gbogbo ìgbà lò ń wọ ilé ìyàgbẹ́, tí wàá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí a má baà gbọ́ bí o ṣe ń kérora. A gbọ́. Ìyá rẹ wọlé lẹ́yìn rẹ, ó rí ẹ̀jẹ̀ tí omi kò gbé lọ tán. Nígbà tó bi ọ́, o ní sóbò ni o mu. Àbẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó se sóbò nílé wa nígbà ọdún yẹn.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn. Mo fẹ́ kí o lọ rí dókítà. Ó yẹ kí n lè fi ọ̀rọ̀ mọ síbí, ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Ìwọ tí o bi olùkọ́ rẹ nílé kéú pé kí nìdí tí álífù fi dúró ṣánṣán. Nítorí náà, gba ìdí.

Àkọ́kọ́, má rò pé mo fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ara mi lo ti jogún ẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Àlàbá, ọkùnrin kan wà tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Badagry. Yóò kọ́kọ́ gbàdúrà fún gbogbo èrò ọkọ̀, yóò wá fa ìgò kan yọ. Ó ní oògùn yẹn ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn dídùn, ojú tó ń ṣú, àti àìrí ọkọ fẹ́. Mo rà á. Kì í kúkú ṣe pé mò ń wá ọkọ. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé oògùn kan ṣoṣo ló máa parí gbogbo ẹ̀. Ahọ́n mi dúdú kirikiri, ọ̀gá mi bá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n sọ òtítọ́, ṣé mò ń lá ọ́ìlì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, bí oògùn kan bá ní òun ń wo ohun tó pọ̀ jù, mo máa ń dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ka ara àwọn ìgò rẹ, kí o wo iye àìsàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òun mọ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìgò tí o fi ránṣẹ́ sí wa nígbà tí o gba owó oṣù rẹ àkọ́kọ́. A ò sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ọ rí. A kàn ní a lò ó, ó sì dára. Jókòó dáadáa.

O ní kí a gbé e sínú fìríìjì. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an, pé oògùn wà tó mọyì iṣẹ́ mi. O ní kí èmi àti ìyá rẹ máa lo ẹyọ kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni ìgò náà dé, o sì mọ ìyá rẹ. Ohun rere tó bá wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, sààrà gbọ́dọ̀ jáde nínú ẹ̀. Mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bá a ní àgbàlá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ń pín pròbáyótíìkì fún gbogbo ayálégbé bí ẹni ń pín àkàrà. Emeka tó ń ta ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Àlàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bàbá Sẹ̀wànú, káfíńtà wa tó jẹ́ Ègùn, béèrè bóyá òun lè gba ti ìyàwó òun tó lọ Badagry mọ́ ọn. Gbogbo wọn ń ṣe àmín.

Ká ní ó mọ síbẹ̀, ì bá dáa. Ìyá rẹ ní oògùn òyìnbó kì í yára, pé ó yẹ kí nǹkan kan tì í lẹ́yìn. Ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì agbo jẹ̀díjẹ̀dí jáde, èyí tó fi omidùn rẹ. Ó bu ife kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ó bu tèmi wá.

Mo ní, "Ìyá Mùínà, ṣé Mùínà ní ká fi agbo lé e?"

Ó ní, "Bàbá Mùínà, ẹ gbé e mu jàre. Ṣé Mùínà ló bí mi ni?"

Mo gbé e mu.

O mọ ilé wa. Ilé ìyàgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún àwọn ayálégbé, ọ̀kan tiwa tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti di bóò-lọ-o-yà-mí. Bàbá Sẹ̀wànú ló kọ́kọ́ sáré. Ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ráyè gbé e kalẹ̀, tayùn-tayùn ló wọlé. Emeka débẹ̀, ó ń lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Baba Sewanu, abeg now! Person dey die for outside!"

Bàbá Sẹ̀wànú dáhùn láti inú pé, "Rọra máa kú lọ, mi ò tíì ṣe tán."

Èmi mú kọ́kọ́rọ́ mi. Mo rọra ń lọ bí onílé, mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Mo débẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì láti inú. Mo ní, "Ìyá Mùínà." Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Mùínà, oògùn náà ń ṣiṣẹ́ ni." Bí èmi tí mo kọ́ ilé ṣe lọ tò sẹ́yìn ayálégbé nìyẹn. Emeka wẹ̀yìn, ó rí mi, ó ní, "Landlord, no shunting o."

Omi tán nínú táǹkì. Iná kò sí tí a ó fi fa òmíràn. Mi ò ní sọ ìyókù, torí pé ọmọ mi ni ọ́, mo sì fẹ́ kí o ṣì máa bọ̀wọ̀ fún mi.

Ìgbà tí Màmá Tóbi, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá iwájú, dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà Navy Town, ó bá gbogbo wa nílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, a ò lè sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ó fún wa mu. Ó wá béèrè pé kí la jẹ. A sọ. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ fi agbo lé e?" Gbogbo wa kọjú sí ìyá rẹ. Ìyá rẹ kọjú sí òkè, ó ń wo máńgòrò.

Màmá Tóbi ní, "Màmá, àwọn kòkòrò tí ẹ gbé wọlé lọ́sàn-án yìí, agbo yín ti gbá wọn síta kí wọ́n tó gbé ẹrù kalẹ̀."

Emeka gbé orí sókè níbi tó sùn sí, ó ní, "So na quit notice."

Ìyá rẹ gbójú kúrò lára máńgòrò, ó ní, "Ṣé ó ṣì kù nínú ìgò?"

Ọjọ́ yẹn ni Màmá Tóbi jókòó tì wá, tó là á yé wa. Ó ní irọ́ kọ́ ni kòkòrò rere, pé wọ́n wà nínú ikùn gbogbo èèyàn láti kékeré. Ó ní àwọn pròbáyótíìkì kan máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, pàápàá bí dókítà bá mọ èyí tó bá ohun tó ń ṣe wọ́n mu, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló jọra, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò wọn. Ó ní bí èèyàn bá dà á sínú tíì gbígbóná, ó ti bọ̀ wọ́n pa nìyẹn. Ìyá rẹ tún wo máńgòrò.

Nítorí náà, ẹ̀kẹta. Má po oògùn pọ̀ mọ́ oògùn. Nínú àwọn ìgò tí mo bá ọ ṣa ní Okokomáíkò, mo rí páálí oògùn apakòkòrò níbẹ̀, èyí tí dókítà kankan kò kọ fún ọ. Ò ń gbé kòkòrò rere mì láàárọ̀, ò ń gbé oògùn tó ń pa kòkòrò mì lọ́sàn-án. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn ta lo wà gan-an nínú ìjà yìí? Ó kéré tán, ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ní tiẹ̀.

Ìsinsìnyí, ìyá rẹ ti dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ. Jẹ́ kó máa wò. Kò gbé agbo wá. Mo tú báàgì rẹ̀ wò kó tó jáde. Mo rí ìgò kan tó fi gèlè wé, mo yọ ọ́. Mo rí òmíràn nísàlẹ̀ gààrí tó ń gbé bọ̀ fún ọ, mo yọ ìyẹn náà. Bí òmíràn bá tún wà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ tèmi ti mọ́.

Ẹ̀kẹrin, máa jẹun. Bisikíìtì àti mínírà tí o ń jẹ nídìí kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe oúnjẹ. Màmá Tóbi ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso ni àwọn kòkòrò rere yẹn ń jẹ. O kó àlejò jọ sínú ilé, o wá ń fi bisikíìtì bọ́ wọn. Wàrà kíkan tí kò ní ṣúgà náà dáa, bó bá bá ọ lára mu. Àmọ́ bí dókítà bá ní kí o má jẹ ọ̀kan nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, tèmi ni kí o pa tì, kí o gbọ́ tiẹ̀.

Mi ò rántí nọ́ńbà tó kàn mọ́. Sístà tó ń ta ìgò wọ̀nyẹn fún ọ ní ọ́fíìsì yín ńkọ́? O sọ fún ìyá rẹ pé ó ní kí o má bẹ̀rù, pé inú tó ń rún ọ yẹn, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ ọ, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Gbólóhùn tí ìyá rẹ sọ fún mi láti inú ilé ìyàgbẹ́ gan-an nìyẹn. Gbogbo ilé ń ya ìgbẹ́, omi ti tán, Emeka ń ké pe ìyá rẹ̀, oògùn ló ń ṣiṣẹ́! Tiwa kò pé ọjọ́ kejì tó fi lọ. Tìrẹ ti ń bá ọ bọ̀ láti ìgbà tí o ti dé Ìbàdàn, ó sì ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí nídìí iṣẹ́ mi. Àwọn oníbàárà kan wà tí fìríìjì wọn kò tutù mọ́. Dípò kí wọ́n gbé e wá, wọ́n á lọ ra áísì bulọ́ọ̀kù, wọ́n á tò ó sínú ẹ̀. Bí o bá ṣí i, atẹ́gùn tútù á fẹ́ sí ọ, wàá ní fìríìjì dáa. Wọ́n á máa ra áísì lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi máa gbé e wá bá mi, nǹkan kékeré tí ǹ bá ti tún ṣe lójú ẹsẹ̀ ti ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́. Mo máa ń bínú sí wọn gan-an. Mi ò mọ̀ pé ọmọ inú ilé mi ń ṣe irú ẹ̀ sí ara rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ gbà sọ ọ́. Mi ò lè jẹ egungun ìbàdí àgbò yẹn, ó ṣì wà nínú fìríìjì, mo fi pamọ́ dè ọ́. Ó lè jẹ́ ohun kékeré tí dókítà máa fi oògùn díẹ̀ parí. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi kò mọ̀ ọ́n, Sístà kò mọ̀ ọ́n, ikùn tó ń rẹ́rìn-ín lára ìgò kò mọ̀ ọ́n. Kó gbogbo ìgò náà dání, kí o tò wọ́n síwájú dókítà. Má fi ọ̀kankan pamọ́. Kí o sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, má dárúkọ sóbò níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa ní iṣẹ́ ṣì tuntun, o ò lè máa tọrọ àyè. Tọrọ ẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ, màá padà lọ bá gbogbo àwọn tí mo sọ fún ní Àlàbá, màá ní ọmọ mi ti fi ọ́fíìsì ẹ́síì sílẹ̀, ara rẹ̀ ló lọ tọ́jú. Ojú ò ní tì mí rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. O mọ̀ pé kò fẹ́ràn ọsibítù. Nígbà tí mo fi irin gé ọwọ́, agbo ló fi wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àkàbà já mọ́ mi lẹ́sẹ̀, agbo ni. Lọ́jọ́ tí o padà sí Ìbàdàn, mo ń retí kó gbé ìkòkò kaná. Kò gbé nǹkan kan kaná. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ máńgòrò, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Bàbá Mùínà, èyí kọjá agbo. Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ ọsibítù." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun máa wá. Mo ní kó sinmi díẹ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ní rárá. Ó ní bí òun bá bọ́ bàtà, o máa bẹ òun, o máa fún òun ní oúnjẹ, o máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tan òun, ilẹ̀ á ṣú, ẹ ò sì ní lọ mọ́. Ìdí tí kò fi bọ́ ọ nìyẹn. Bàtà ọdún ló wọ̀, ó ń fún un lẹ́sẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀hún á ti wú báyìí.

Ọmọ mi, mo ti wí tèmi. Bí ẹ bá ti rí dókítà, pè mí, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ. Má fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí mi.

Èmi bàbá rẹ, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yá, gbé bébà yìí kalẹ̀. Ìyá rẹ ti dìde. Wọ bàtà rẹ.